Ọdún Méjìlélógún Tí Mo Fi Rìn Kẹ́yìn

Bàtà òkè mi wà lẹ́nu ọ̀nà báyìí, ẹrẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. N kò tíì fọ̀ ọ́, n kò sì ní wọ̀ ọ́ mọ́. Oṣù tó kọjá ni mo sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè fún ìgbà ìkẹyìn. Èèyàn mẹ́rìnlá ni mo tẹ̀ lé lọ, èèyàn mẹ́rìnlá ni mo tẹ̀ lé bọ̀. Ẹ bá mi dúpẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa tí ẹ ń ro irú iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ayé yín ṣe, ẹ ní kí n kọ ìtàn tèmi sílẹ̀. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà nílé kí n tó wá sí Houston, nítorí náà ẹ má retí gbólóhùn ńlá. Ohun tí mo rí ni n ó sọ. Ibi tí kò bá dá mi lójú, n ó sọ pé kò dá mi lójú.

Iṣẹ́ mi ni pé mò ń rìn kẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ wa máa ń kó àwọn ará Houston, pàápàá àwa ọmọ Nàìjíríà láti inú ìjọ àti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, lọ sí orílẹ̀-èdè Peru. Àwọn ará ayé ijọ́un kọ́ ìlú olókùúta kan sórí òkè níbẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ di ahoro. Ọkọ̀ lè gbé èèyàn sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n àwọn tó ń bá wa lọ fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn ín: ọjọ́ mẹ́rin lórí àtẹ̀gùn òkúta, gba ibi tí òkè ti ga débi pé èémí kì í tó èèyàn mí. Satunínò, ọmọ òkè náà gan-an, ló ń ṣíwájú. Èmi ló ń kẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wà lẹ́yìn mi. Gbogbo iṣẹ́ náà nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń pè mí ní Àǹtí Ẹ̀yìn.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà kò gùn. Mò ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ ní déékíà kan ní Fondren Southwest. Ọkùnrin kan máa ń gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ wá síbẹ̀, Ọ̀gá Oyè là ń pè é. Ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ ní ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní La Porte kó tó fẹ̀yìn tì, tó sì dá ilé iṣẹ́ ìrìn àjò yìí sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé, “Fúnmi, ọmọ mélòó ló ti sọnù mọ́ ọ lọ́wọ́ níbí?”

Mo ní, “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, Sà! Kò sí o.”

Ó ní, “Wá bá mi ṣiṣẹ́.”

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí òkè ní Houston. Ilẹ̀ wa tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Ibi tó ga jù tí ọ̀pọ̀ wa ń dé ni orí afárá freeway. Nítorí náà ilé ìgbọ́kọ̀sí alájà mẹ́fà kan ní Gulfton ni Ọ̀gá Oyè sọ di òkè. Ní òwúrọ̀, kí ooru tó mú, yóò gbé ìdajì àpò ìrẹsì kọ́ mi lẹ́yìn, n ó gun àtẹ̀gùn náà lẹ́ẹ̀mẹwàá, n ó sọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ bi mí lọ́jọ́ kan bóyá ìrẹsì náà ló ń wá ibi tí yóò páàkì sí.

Ṣùgbọ́n ìrìn kọ́ ló le jù nínú ẹ̀kọ́ náà, kíkà ni. Níbi tí Ọ̀gá Oyè ti ṣiṣẹ́, bí agogo ewu bá dún, gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ sáré sí ojú kan kí a kà wọ́n. Ìwà yẹn kò kúrò lára rẹ̀. Gbogbo ibi tí èrò bá ti dúró, àfi kí n kà wọ́n, kí n sì fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ojú máa ń purọ́. “Ẹni tí ọwọ́ rẹ ò kàn, o ò tíì kà á.” Bí mo bá fi ojú kà, kò ní pariwo. Yóò kàn ní, “Padà sísàlẹ̀,” n ó sì bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ pẹ̀lú ìrẹsì mi.

Ní Sátidé kan, a kó àwọn ìyá ìjọ mọ́kànlá wá síbẹ̀ láti ṣe ìdánrawò, òun náà sì wọ àárín wọn gẹ́gẹ́ bí èrò kejìlá. Nígbà tí a parí, mo wò wọ́n láti òkèèrè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń wọ ọkọ̀ wọn. Mo ní wọ́n pé. Mo wọ ọkọ̀ tèmi náà, mo gba ilé lọ. Orí freeway ni mo wà tí fóònù mi dún.

“Fúnmi, níbo lo wà?”

“Mo ti ń lọ sílé, Sà.”

“Àwọn èrò rẹ ńkọ́?”

“Gbogbo wọn ti lọ, Sà. Wọ́n pé.”

“Ó dáa. Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀?”

“Ẹ̀yin ni, Sà.”

“Níbo ni mo wà?”

Mo yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Ó ní, “Mo jókòó sí àjà kẹta. Mo ti kú láti nǹkan bí wákàtí kan sẹ́yìn. Padà wá gbé òkú mi.”

Mo padà. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn lóòótọ́, ó ń jẹ ẹ̀pà. Oṣù kan gbáko ló fi dá mi padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mo sunkún nígbà náà. Lónìí, mo mọ̀ pé ó ṣe mí lóore.

Àwọn ọdún àkọ́kọ́ lórí òkè kò ní ìtàn púpọ̀. Fèrè nìkan ni mo ní. Ẹ̀ẹ̀kan túmọ̀ sí pé kí iwájú dúró, ẹ̀ẹ̀mejì túmọ̀ sí pé kí wọ́n máa lọ. Òkè bá mi jà ní ìgbà àkọ́kọ́: mo bì, orí fọ́ mi, Satunínò sì ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù gíga máa ń bà mí, n kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń wo gìgísẹ̀ ẹni tó wà níwájú mi, mò ń tẹ̀ lé e. Tí a bá dúró, n ó so okùn bàtà mi le, n ó lọ fọwọ́ kàn wọ́n: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Báyìí ni mo ṣe é fún ọdún mẹ́jọ, ẹnì kan kò sì sọnù.

Ní ọdún kẹsàn-án ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀.

Èrò mọ́kàndínlógún ni wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn láti ìjọ aláṣọ funfun kan níhìn-ín. Ìyá Àdúrà ìjọ náà ni olórí wọn, ìyá tó ti tó àádọ́rin ọdún, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le ju ti ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lọ. Ọ̀gá Oyè kò bá wa lọ. Orúnkún rẹ̀ dá a dúró sí Houston. Níbi ìsinmi àkọ́kọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kàn wọ́n. Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àdúrà, ó fa èjìká rẹ̀ sẹ́yìn.

“Kí lò ń ṣe yẹn?”

“Mò ń kà yín ni, Mà.”

“O ń ka kí ni? Ewúrẹ́ ni wá? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ọba kan ka àwọn èèyàn rẹ̀ láyé àtijọ́, o mọ ohun tí àjàkálẹ̀ àrùn fi wọ́n ṣe. Lórí òkè tí mo wá gbàdúrà sí, ẹnikẹ́ni ò ní kà mí.”

Àwọn yòókù ní, “Àmín.”

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, mo sọ pé òfin ọ̀gá mi ni. Ó ní òfin ọ̀gá mi kò ju ti Ọ̀gá ògo lọ. Kí n má purọ́, èmi náà gbà á gbọ́ díẹ̀. Ìyá mi nílé kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka àwa ọmọ rẹ̀ rí. Bí àlejò bá bèèrè pé àwa mélòó ni, yóò ní, “A pọ̀ díẹ̀.” Báwo ni mo ṣe fẹ́ ka ìyá tó dàgbà tó ìyá mi?

Ọgbọ́n kan wá sí mi lọ́kàn, mo sì rò pé ó dára. Olúkúlùkù wọn ló ní ọ̀pá ìtilẹ̀ kan tí ilé iṣẹ́ fún un, tí a so aṣọ pupa mọ́. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Mà, níbikíbi tí a bá ti sinmi, kí olúkúlùkù fi ọ̀pá rẹ̀ gúnlẹ̀ lórí ìlà kan. Ọ̀pá ni n ó kà, n kò ní ka èèyàn.”

Ìyá Àdúrà rò ó wò. Ó ní, “Ọ̀pá kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni. Máa kà á.”

Ọjọ́ méjì ni a fi ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ń lọ dáadáa. Inú mi dùn sí ara mi.

Ní ọjọ́ kẹta, òjò bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀, kùrukùru sì bo ọ̀nà débi pé n kò rí ju èèyàn méjì lọ níwájú mi. Gbogbo wọn wọ aṣọ òjò búlúù kan náà, wọ́n fi bo orí. Mo dé ibi ìsinmi kẹ́yìn, bó ṣe yẹ. Ọ̀pá ti wà lórí ìlà. Mo fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mọ́kàndínlógún. Mo gbé rédíò ọwọ́, tó jẹ́ tuntun fún wa nígbà náà, mo sọ fún Satunínò pé wọ́n pé. A sọ̀ kalẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀. A dé ibùdó ní ọ̀sán, ọ̀pá tún pé mọ́kàndínlógún. Alásè pín tíì fún wọn, mọ́kàndínlógún ni ife tó gbé jáde.

Ife kan kù lórí àwo.

Mo ní, “Ta ni kò tíì mu?”

Wọ́n wo ara wọn. Obìnrin kan dìde, Nọ́ọ̀sì Bísí, ẹni bí ogójì ọdún.

“Àǹtí, ọ̀pá méjì ló wà lọ́wọ́ mi.”

“Ti ta ni ìkejì?”

“Ti Ìyá Àdúrà. Mo rí wọn tí wọ́n fẹ́ yà sí ẹ̀gbẹ́ àpáta ńlá tó ṣáájú ibi ìsinmi yẹn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn gbé e. Wọ́n ní kí n máa lọ, àwọn ń bọ̀. Mo rò pé wọ́n wà pẹ̀lú yín. Ẹ̀yin lẹ wà lẹ́yìn!”

Kò jẹ̀bi. Ta ni nínú wa tí yóò rí àgbà pẹ̀lú ẹrù tí kò ní gbà á? Bí a ṣe kọ́ ọ nílé ló ṣe é. Ó sì gún ọ̀pá méjèèjì mọ́lẹ̀ lórí ìlà, nítorí pé ọ̀pá Ìyá Àdúrà náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo kọjá níwájú àpáta yẹn nínú kùrukùru, n kò sì mọ̀ pé èèyàn wà lẹ́yìn mi.

Satunínò fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n èrò méjìdínlógún ń gbọ̀n nínú òjò, àgọ́ wọn kò sì tíì dúró. Mo sọ fún un pé èmi ni ẹni ẹ̀yìn. Ó ní kí n máa lọ díẹ̀díẹ̀, òun yóò fi wọ́n sábẹ́ àgọ́, òun yóò sì mú okùn tẹ̀ lé mi. Ẹ má rò pé ìgboyà ni. Ojú ló tì mí kọjá ẹ̀rù.

Mo gun òkè padà. Rédíò ń ké ṣáá, kò sọ nǹkan kan. Mo fọn fèrè títí ẹnu fi ń dùn mí. N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Bóyá wákàtí méjì. Nígbà tí mo súnmọ́ àpáta ńlá náà, mo gbọ́ ìró kan bí ẹni ń da òkúta sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ akẹ́rù. Ọ̀nà tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi rọ̀. Ilẹ̀ ya.

N kò rántí bí mo ṣe ṣubú. Ohun tí mo rántí ni pé mo dojú dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ọwọ́ mi méjèèjì di koríko líle kan mú, ẹsẹ̀ mi kan wà lórí gbòǹgbò, èkejì kò sí lórí nǹkan kan. Èjìká mi ti yẹ̀. Òkúta ń yí kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, n kò sì gbọ́ ìgbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé ẹni iwájú tó jìn sí kòtò kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Mo rò ó níbẹ̀ pé bí ará ẹ̀yìn bá wá jìn sí kòtò, ta ni yóò mọ̀?

Nígbà náà ni mo gbọ́ agogo.

Agogo ọwọ́ kékeré ni, irú èyí tí wọ́n ń lù nínú ìjọ wọn. Ó wà lókè mi, lápá òsì.

“Ta nìyẹn? Ta ló wà níbẹ̀?”

“Èmi ni, Mà. Àǹtí Ẹ̀yìn.”

“Ha! Mo ti ń retí rẹ látòwúrọ̀! Níbo lo wà?”

“Ìsàlẹ̀ yín ni mo wà, Mà. Ọ̀nà ti ya. Mo di koríko mú.”

Lẹ́yìn náà ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ nítorí pé ilẹ̀ mímọ́ ni orí òkè lójú tirẹ̀, ó wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí àpáta. Nígbà tó dìde, òtútù ti wọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ náà wú, kò lè wọ bàtà padà. Ó pè wá, òjò kò jẹ́ kí a gbọ́.

Ó tú àmùrè ìdí rẹ̀, ó jù ú sí mi. Mo rí i tó ń fì lórí mi bí ìrù ẹṣin.

“Ó tó ọ?”

“Kò tó, Mà. Ó kúrú.”

“Ó dáa. Fi sílẹ̀. Má wo ìsàlẹ̀. Gbọ́ mi: bí mo bá ti lu agogo, kí o ní o wà. O gbọ́?”

“Mo gbọ́, Mà.”

Ó lu agogo. Mo ní, “Mo wà.” Ó tún lù ú. Mo ní, “Mo wà.” Nígbà tí ọwọ́ mi fẹ́ tú, tí mo sì dákẹ́, ó pariwo mọ́ mi bí ẹni ń bá ọmọ wí: “Fúnmiláyọ̀! Ṣé n kì í ṣe bí ìyá rẹ ni? Dá mi lóhùn!” Mo ní, “Mo wà, Mà.” Báyìí ni a ṣe é títí Satunínò fi tẹ̀ lé ìró agogo náà dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú alágbàárù méjì àti okùn. Ilẹ̀ kò tíì ṣú. Nígbà tí wọ́n fà mí gòkè, koríko ṣì wà lọ́wọ́ mi; Satunínò ló tú ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo na ọwọ́ mi tó dára, mo fi kan Ìyá Àdúrà lẹ́sẹ̀. Kò fà á sẹ́yìn.

Alágbàárù kan fi aṣọ híhun wọn pọ̀n ọ́n bí ọmọ ọwọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó ń kùn ní gbogbo ọ̀nà: “Èmi tí mo pọn ọmọ mẹ́fà! Èmi ni wọ́n wá ń pọ̀n yìí!” Nígbà tí mo ròyìn èyí fún Nọ́ọ̀sì Bísí ní ibùdó, tó ń so apá mi, ó rọra ní, “Àǹtí, ẹ kíyè sí i? Wọ́n ti ka ọmọ wọn fúnra wọn.” Mo rẹ́rìn-ín, ó dùn mí dé èjìká.

Ní Houston, mo lọ bá Ọ̀gá Oyè nílé kí ó lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìbéèrè kan ló bi mí.

“Ṣé ọwọ́ rẹ kàn án?”

“Rárá, Sà. Ọ̀pá rẹ̀ ni ọwọ́ mi kàn.”

Ó wá sọ ohun tí kò sọ fún mi rí. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, agogo ewu dún níbi iṣẹ́ wọn, wọ́n sì pe orúkọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan kò tíì dé, ó sì rò pé ó wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ló bá bá a jẹ́ “present” kí wọ́n má baà bá a wí. Ó wojú mi. “A ka orúkọ, orúkọ pé. Èèyàn ni kò pé.” N kò bi í léèrè bí ó ṣe parí. Ojú rẹ̀ ti sọ ọ́.

Kò lé mi. Ó ní tí apá mi bá san, kí n padà sí ilé ìgbọ́kọ̀sí.

N kò padà fún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló yóò sá. Bí òjò bá ń rọ̀ sórí òrùlé, tí omi báyù, àwọn odò inú ìlú wa, sì ń kún, n ó jókòó sórí ilẹ̀, n ó di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú. Títí dòní, mo ṣì máa ń wá nǹkan dì mú bí òjò bá pọ̀. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀.

Ìyá Àdúrà ló wá bá mi nílé, ó gbé oúnjẹ wá. Ó jókòó, ó ní, “Ẹ̀rù ń bà ọ́?”

“Ó ń bà mí, Mà.”

“Ó yẹ kó bà ọ́. Ẹni tí ẹ̀rù ò bà, kò yẹ kó rìn kẹ́yìn fún ẹnikẹ́ni.” Ó sì ní òun ti gbàdúrà sí ọ̀rọ̀ kíkà yẹn. “N kò tíì gbà kí o kà wá o. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí ọmọlúàbí má kí èèyàn? Jẹ́ kí wọ́n máa kí ọ.”

Òun ló dá a sílẹ̀, kì í ṣe èmi. Láti ìgbà náà, bí a bá ti dúró, olúkúlùkù yóò tọ̀ mí wá, yóò bọ̀ mí lọ́wọ́, yóò ní, “Ẹ kú ìkẹ́yìn o, mo wà.” Èmi yóò pe orúkọ rẹ̀. N kò ka ẹnikẹ́ni jáde lẹ́nu. Ẹnu mi ń kí wọn, ìka ọwọ́ mi kejì ló ń ṣírò nínú àpò. Àwọn àgbà kò rí àléébù níbẹ̀. Àwọn ọmọ tí a bí níhìn-ín, tí wọn kò gbọ́ Yorùbá ju orúkọ oúnjẹ àti èébú lọ, wọ́n máa ń kọ́ ọ kíákíá. Ìyá kan sọ fún mi ní Gulfton pé ọmọkùnrin òun máa ń sọ ọ́ tó bá wọlé láti ilé ẹ̀kọ́: “Mummy, mo wà.”

Irinṣẹ́ yí padà lẹ́yìn ìyẹn. Rédíò dára sí i. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ kékeré kan dé, tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀, tí a ń so mọ́ àpò olúkúlùkù. N ó rí gbogbo wọn lójú fóònù bí àmì pupa kéékèèké. N kò kórìíra rẹ̀, ó ti gba ẹ̀mí là. Nígbà tí Ọ̀gá Oyè wà láàyè, mo fi hàn án. Ó yí i lọ yí i bọ̀, ó ní, “Ó dára gan-an. Ó jọ ọ̀pá.” Ọdún mẹ́ta nìyí tó ti dákẹ́. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Nísinsìnyí, ìrìn ìkẹyìn. Orúnkún mi ti sọ fún mi láti ọdún tó kọjá pé ó tó, mo sì ti pé ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí ó jẹ́ kí n parí láìsí pé ẹnì kan sọnù mọ́ mi lọ́wọ́. N kò bẹ̀ ẹ́ fún nǹkan mìíràn. Òjò kò rọ̀ ní ọjọ́ kẹta. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, a dé ẹnu ọ̀nà olókùúta tó wà lókè ahoro náà. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ sórí ìlú yẹn: ògiri tí kò ní òrùlé, àtẹ̀gùn tí kò sí ẹni tó ń gùn ún. Àwọn èrò ń pariwo, wọ́n ń dì mọ́ ara wọn, obìnrin kan dá orin sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ mí wá. “Ẹ kú ìkẹ́yìn o, mo wà.” Mo gbà wọ́n lọ́wọ́.

Fóònù ní mẹ́rìnlá. Ọwọ́ mi ní mẹ́tàlá.

Mo ní, “Ẹnikẹ́ni kò ní kúrò níbí.” Ohùn mi yí padà débi pé orin náà dá. “Ẹnjiníà Kúnlé dà?”

Ìyàwó rẹ̀ ní, “Aunty, ó wà níbí báyìí. Ẹ wò ó, àmì rẹ̀ wà lórí fóònù.” Ó sì bojú wo inú àpò ara rẹ̀. Ẹ̀rọ ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú tirẹ̀.

Satunínò kò dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó yí ògiri po, èmi náà tẹ̀ lé e. Ẹnjiníà Kúnlé wà lẹ́yìn ògiri náà, ó jókòó sí etí ọ̀gbun, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sí òfìfo, ó na fóònù rẹ̀ síwájú, ó ń ya ara rẹ̀ ní fọ́tò. Satunínò fi ọwọ́ kan di kọ́là rẹ̀ mú, ó fà á sẹ́yìn bí àpò ìrẹsì.

“Aunty, ẹ fara balẹ̀ now! Mi ò lọ síbì kankan.”

Mo ní, “Ọwọ́ rẹ.”

“Ẹ̀n?”

“Mú ọwọ́ rẹ wá.”

Ó wò mí lójú. Bóyá ó rí nǹkan níbẹ̀, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó na ọwọ́. “Ẹ kú ìkẹ́yìn o, mà. Mo wà.”

Mo ní, “Kúnlé.” Mo jókòó sílẹ̀ lójú kan náà, mo sì sunkún, n kò bìkítà ẹni tó ń wò mí. Wọ́n pé. Ọdún méjìlélógún ti tán, wọ́n pé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, n kò ní sọ pé kí ẹ wá ṣe irú iṣẹ́ mi. Ẹ lè jẹ́ dókítà, ẹ lè jẹ́ ẹnjiníà, ẹ kàn má jókòó sí etí ọ̀gbun. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ tí ẹ bá yàn bá ní èèyàn nínú, ẹ wá ibi tí ọwọ́ yín ti lè kan èèyàn náà gan-an. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé kò tó, àmì rẹ̀ lójú fóònù kò tó. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ní ọjọ́ kejì tí mo dé, mo lọ kí Ìyá Àdúrà ní Fondren Southwest. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò ríran dáadáa mọ́. Aṣọ pupa tó wà lára ọ̀pá rẹ̀ ìjọ́sí ni ó so mọ́ igi àga rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, kò sì jẹ́ kí n kí i tán.

“Wọ́n pé?”

“Wọ́n pé, Mà.”

“Ìwọ náà ńkọ́?”

Ó na ọwọ́ sínú afẹ́fẹ́, ó ń wá mi. Mo fi ọwọ́ mi sínú rẹ̀.

“Mo wà, Mà.”